Ètò tí Ó Kọ̀ láti Padà Wọlé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé kò sí àìsàn tí ó lè ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí a kò lè fi egbòogi kan ṣoṣo wò sàn, èyí nì ni pé kí a yọ ètò náà kúrò nínú ẹ̀rọ, kí a sì tún gbé e padà sí i. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ni egbòogi yìí máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan lè dé tí ẹ̀rọ kò ní gba ètò náà padà mọ́. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ yóò káwọ́ lérí, yóò máa wo àpótí kékeré kan tí ó yọ sí àárín ojú kọ̀ǹpútà, tí nọ́ńbà mẹ́rin àti gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà nínú rẹ̀. Yóò tẹ OK, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àpótí náà yóò sì tún yọ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé bá èmi fúnra mi, díẹ̀ ni ó sì kù kí n pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó ń mú kí ètò kọ̀ láti padà wọlé, àti bí a ti lè fi sùúrù tú ìdí rẹ̀.

A kò lè mọ bí ètò ti ń kọ̀ láti padà bí a kò bá mọ bí ó ti wọlé ní àkọ́kọ́. Windows ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé ń lò ní ìlú wa, nítorí náà òun ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ètò tí a gbé sí inú kọ̀ǹpútà kò dàbí àga tí a gbé sí ìyẹ̀wù, tí a lè fi ọwọ́ gbé jáde nígbà tí ó bá wù wá. Ó jọ ayálégbé tí ó kó wọ inú agbo ilé ńlá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni ó san owó rẹ̀, yóò gbé ìkòkò sí ilé ìdáná, yóò so okùn aṣọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò gba kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, onílé yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí inú ìwé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò ń ṣe. Yàrá rẹ̀ ni àpò tí ń jẹ́ Program Files. Ṣùgbọ́n ó tún ń fi àwọn ohun èlò kan sí àpò ProgramData. Ó ń kó ohun tí ó jẹ mọ́ ìfẹ́ àti ìṣe ẹni tí ń lò ó sí àpò AppData, tí a fi pamọ́ kí ojú má baà máa rí i. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ a sì kọ orúkọ ètò náà, ẹ̀yà tí ó jẹ́, àti ibi tí ó ń gbé sí inú ìwé ńlá kan tí ń jẹ́ Registry. Láti ìgbà Windows 95, tí ó jáde ní ọdún 1995, ni ìwé yìí ti di ibi tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń wò kí ó tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti wọlé tàbí láti jáde.

Nígbà tí ayálégbé bá fẹ́ kó lọ, onílé yóò ṣí ìwé náà, yóò mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn, yóò sì fi í yẹ ẹrù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà ìwé àdéhùn wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Inú àpò kan tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ àpò Windows ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, Installer sì ni orúkọ àpò náà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé ó tóbi, yóò sì rò pé pàǹtírí ni. Bí a bá pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, àwọn ètò yóò máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ yọ ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí a fẹ́ fi ẹ̀yà tuntun rọ́pò rẹ̀, ni wàhálà yóò tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ wà nínú ìwé, ìwé àdéhùn kò sí, ayálégbé tuntun tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ètò tí mo fi ń kọ èdè Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège. Bí mo bá ṣí i, yóò yọjú, yóò sì pa dé lójú ẹsẹ̀. Ètò yìí ni mo fi ń kọ ìbéèrè ìdánwò. Òun ni mo fi kọ gbogbo àlàyé ẹ̀kọ́ tí mo fi ń kọ́ni. Òun náà ni mo sì fi ṣe àkójọ òwe 612 tí mo gbà sílẹ̀ láti ẹnu ìyá mi, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn àti ibi tí a ti ń pa wọ́n, kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2017. Mo gba ẹ̀yà tuntun ètò náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ní kí ó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ìlà tí ó ń fi hàn bí iṣẹ́ ti ń lọ sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà tí àpótí kan yọ, tí ó pe ara rẹ̀ ní Error 1714, tí ó sì sọ pé òun kò lè yọ ẹ̀yà àtijọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ sì kó gbogbo ohun tí ó ti kó wọlé jáde. Ní ìkẹyìn ó kọ nọ́ńbà mìíràn, 1603, ó sì dákẹ́.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, bí ẹni tí ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Nígbà tí ó sú mi, mo ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò. Kò tíì jókòó tán tí ó fi sọ pé, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́máàtì rẹ̀.” Mo bi í léèrè ohun tí 1714 túmọ̀ sí. Ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, sà. Bí mo bá ti fọ́máàtì rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa lọ.” Òtítọ́ ni ó sọ. Gbogbo rẹ̀ ni ìbá lọ, àti òwe ìyá mi pẹ̀lú.

Láti fọ́máàtì ẹ̀rọ ni láti wó gbogbo agbo ilé palẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ayálégbé kan. Kò sí àní-àní pé ó ń yanjú ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí wíwó ilé ti lè lé eku jáde. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó ronú kàn, pàápàá nígbà tí ẹni tí yóò ṣe é kò tíì bi wá bóyá a ní ohun kan tí a fẹ́ kó pamọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́, mo kó iṣẹ́ mi jáde. Ó dára kí a mọ̀ pé bí a bá yọ ètò kúrò ní ọ̀nà tí ó tọ́, kì í sábà kó àwọn ìwé tí a fi kọ lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò ṣe ta aṣọ tí ó ti rán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dán ọgbọ́n orí wò nínú ẹ̀rọ tí ó ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé “kì í sábà.” Mo da gbogbo ohun tí ó wà nínú Documents àti Desktop kọ sí fláàṣì méjì. Mo wá inú AppData pẹ̀lú, níbi tí àwọn àbùjá tí mo ṣe fún títẹ àmì ohùn wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbàgbé ibẹ̀ nítorí pé kò hàn sí ojú. Lẹ́yìn èyí mo gbé fláàṣì kan lọ sí ilé-ìwé, mo ki í bọ ẹ̀rọ mìíràn, mo sì rí i pé àwọn ìwé náà ṣí. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò níbòmíràn, ìrètí lásán ni, kì í ṣe ẹ̀dà.

Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀ báyìí, mo padà sí ọ̀dọ̀ àpótí kékeré náà, mo sì kà á. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò tíì kà á ní ti gidi láti ọjọ́ náà. Mo ti ń wò ó ni. Nọ́ńbà méjì ni ó kọ, èyí tí ó kọ kẹ́yìn, 1603, ni ó sì dà bí ẹni pé ó wúwo jù. Ṣùgbọ́n 1603 jọ igbe ọmọ ọwọ́: ó fi hàn pé nǹkan ń ṣe é, kò sọ ohun tí ó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ Microsoft, tí ó ṣe Windows, ka díẹ̀ nínú ohun tí ó lè fà á: pé ètò náà ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, tàbí pé a fi àdììtú ti àpò tí a fẹ́ gbé e sí, tàbí pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ní àṣẹ kíkún lórí àpò náà. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú ni ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. 1714 sọ ní pàtó pé ẹ̀yà àtijọ́ kò ṣeé yọ. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ wá ìdí èyí tí ó ṣáájú.

Bí ẹ̀rọ bá kọ 1603 nìkan tí kò sọ ohunkóhun mìíràn ńkọ́? A lè ní kí ó máa kọ ìtàn ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀ bí ó ti ń ṣe é. Bí orúkọ fáìlì ètò náà bá parí sí .msi, a ó ṣí ojú fèrèsé àṣẹ, a ó kọ msiexec /i, orúkọ fáìlì náà yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà /l*v àti orúkọ ìwé tí a fẹ́ kí ìtàn náà wà nínú rẹ̀. Ìtàn náà a máa gùn débi pé ẹnikẹ́ni kò lè kà á tán. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí kì í kà á láti òkè. Wọ́n a máa wá ibi tí a kọ return value 3 sí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti dà rú. Ìlà mélòó kan tí ó wà lókè rẹ̀ ni ó ń sọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Kí n tó sọ bí tèmi ti parí, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìdí mìíràn, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀yà àtijọ́ ni ó ń dí ọ̀nà. Èyí tí ó rọrùn jù lọ ni nọ́ńbà 1618. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ètò mìíràn ń wọlé lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà kò sì gba ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó lè jẹ́ Windows fúnra rẹ̀ ni ó ń gba àtúnṣe tí a kò mọ̀ sí. Kí a dúró díẹ̀. Bí kò bá tán, kí a pa ẹ̀rọ, kí a sì tún un tàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbí tí ó ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Láti ìgbà Windows 8, tí ó jáde ní ọdún 2012, Shut down kì í sábà pa ẹ̀rọ tán pátápátá: ẹ̀rọ a máa tọ́jú apá kan ìrántí rẹ̀ kí ó lè tètè jí ní ọjọ́ kejì. Restart ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo lákọ̀tun. Nítorí náà ẹni tí ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ lálẹ́ tí ó sì tàn án láàárọ̀ lè rò pé òun ti tún un bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé oorun ìdajì ni ẹ̀rọ náà sùn.

Ìdí kejì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju bí ó ti wọ́pọ̀ níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í ti í lọ. A ń gba ètò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, iná lọ, tàbí owó dátà tán, fáìlì náà sì dúró sí ààbọ̀. Orúkọ rẹ̀ pé, àwòrán rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò pé. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ lè kọ 1619, pé òun kò lè ṣí ẹrù náà, tàbí kí ó sọ pé fáìlì náà bàjẹ́. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fi bí ó ti tóbi tó wé iye tí ẹni tí ó ṣe é kọ sí ojú ewé rẹ̀. Bí ó bá yẹ kí ó jẹ́ 300 mẹ́gábáìtì tí tiwa sì jẹ́ 211, ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ àmì ìdánimọ̀ tí ń jẹ́ SHA-256 sí ẹ̀gbẹ́ ètò wọn. Àmì náà jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, àṣẹ certutil -hashfile inú Windows yóò sì ka tiwa fún wa bí a bá fi orúkọ fáìlì àti ọ̀rọ̀ náà SHA256 tẹ̀lé e. Bí ẹyọ kan péré bá yàtọ̀, kí a tún un gbà. Kò sí ìdí láti máa bá ẹ̀rọ jà nítorí ẹrù tí ó já ní ọ̀nà.

Nígbà mìíràn ètò yóò wọlé láìjanpata, kí ó tó wá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tí yóò sì sọ pé òun kò rí VCRUNTIME140.dll. Èyí kò fi hàn pé ètò náà bàjẹ́. Ẹ rántí odó inú agbo ilé: ẹnì kan ni ó ni ín, gbogbo ilé ni ó ń gún iyán nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn fáìlì kan wà tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, tí a ń pè ní Visual C++ Redistributable. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ìmọ́tótó ẹ̀rọ tí ó sì rí orúkọ yìí, tí ó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, tí ó sì yọ ọ́, ètò márùn-ún lè kú lọ́jọ́ kan. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a gba odó náà padà lọ́wọ́ Microsoft tí ó gbẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe lọ gba fáìlì .dll kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn àlejò tí wọ́n ń pín in kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi kún un. Kí ẹ sì gba oríṣi méjèèjì, èyí tí a kọ x86 sí àti èyí tí a kọ x64 sí, nítorí pé ẹ̀rọ òde òní ń gba ètò oníbíìtì 32 àti ètò oníbíìtì 64, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní odó tirẹ̀. Ibi tí a bá ti fún ọ̀kan ní odó èkejì ni ẹ̀rọ ti máa ń kọ 0xc000007b.

Ìdí kan wà tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ orí tábìlì. Ètò tí ó bá fẹ́ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ náà yóò sọ pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ibi tí ó ti ń bọ̀. Ó fi ẹ̀sùn kan íntánẹ́ẹ̀tì, ó pààrọ̀ síìmù, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí mo wo igun ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, mo rí i pé oṣù kìíní ọdún 2010 ni ẹ̀rọ náà ṣì wà. Bátìrì kékeré kan wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ó ń rán an létí àkókò nígbà tí iná kò sí, ó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, CR2032 sì ni a sábà máa ń rí lára rẹ̀. Ó ti kú. Ìwé ẹ̀rí tí ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń fi ara wọn hàn ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Lójú ẹ̀rọ tí ó ń gbé ní ọdún 2010, gbogbo ìwé ẹ̀rí òde òní ni ọjọ́ wọn kò tíì pé. A pààrọ̀ bátìrì, a tún ọjọ́ ṣe, ètò sì wọlé.

Àwọn ìyókù kò gba àlàyé gígùn. Kí a wò ó bí àyè ṣẹ́ kù nínú dísíìkì C, nítorí pé ètò máa ń nílò àyè láti tú ẹrù rẹ̀ ju èyí tí yóò fi gbé lọ. Kí a fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, kí a yan Run as administrator, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé onílé ni ó ń sọ̀rọ̀. Kí a sì wò ó bóyá ọjọ́ orí Windows inú ilé ti kọjá ohun tí ètò tuntun lè bá gbé: Chrome, fún àpẹẹrẹ, kò bá Windows 7 àti 8.1 ṣe mọ́ láti ẹ̀yà 110 tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2023. Ní ti ètò tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ kòkòrò, ó lè dá ètò rere dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lé olóde kúrò lẹ́nu ọ̀nà àyàfi bí ó bá dá a lójú ibi tí ẹrù náà ti wá.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ni mo kọ́ nínú ìyà: ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà, kí a sì dán an wò kí a tó yí òmíràn. Ẹni tí ó bá yí ohun márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ gbọ́, kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn, bí kò bá sì gbọ́, kò ní mọ èyí tí ó tún dá kún àìsàn náà.

Nígbà tí mo wo inú àpò Installer, mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó wá lo ìsinmi ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ mi. Ó jẹ́wọ́ láìjanpata. “Bọ̀dá mi, mo fẹ́ fi fíìmù sí i ni, àyè ò sì sí. Mo rí àpò ńlá kan tí ẹ kì í lò.” N kò bá a wí púpọ̀, èmi ni mo fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀rọ mi.

Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú mi. Èkíní ni kí n ṣí Registry, kí n fi ọwọ́ ara mi pa orúkọ ẹ̀yà àtijọ́ rẹ́. Àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìwé náà kì í ṣe ti ètò kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá pa ìlà tí kò yẹ rẹ́ lè tan ẹ̀rọ ní ọjọ́ kejì kí ó má jí. Bí ó bá di dandan, kí a kọ́kọ́ lo Export láti da ìwé náà kọ sí ibòmíràn. Mo yan ọ̀nà kejì. Microsoft ní irinṣẹ́ kékeré kan fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, tí ń jẹ́ Program Install and Uninstall troubleshooter, ọ̀fẹ́ ni mo sì gbà á. Ó bi mí bóyá wíwọlé ni ètò kọ̀ tàbí jíjáde. Mo ní jíjáde ni. Ó to orúkọ gbogbo ètò inú ẹ̀rọ sílẹ̀, mo yan ti àtijọ́, ó sì nu orúkọ náà kúrò nínú ìwé. Mo yí orúkọ àpò rẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù ní Program Files padà dípò kí n pa á rẹ́, kí n lè rí i bí mo bá tún nílò rẹ̀. Ìkánjú mú mi, mo tẹ ètò tuntun lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ sì kọ 1618. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ Restart, mo dúró. Ní ìgbà yìí ìlà náà kún, ètò sì wọlé.

Mo ṣí àkójọ òwe. Ohun tí mo rí kò jọ Yorùbá. Ibi tí ó yẹ kí ẹ wà, àmì [ ni ó wà; ibi tí ó yẹ kí ọ wà, àmì ] ni ó wà; ṣ ti di {. Òwe 612, kò sí ọ̀kan tí ó ṣeé kà já.

Àṣìṣe yìí kò ní nọ́ńbà, kò sì sí àpótí tí ó kéde rẹ̀. Ẹ̀yà àtijọ́ ètò náà ní fọ́ǹtì tirẹ̀, tí ó fi aṣọ ẹ wọ àmì [. Ojú ń rí ẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni [. Nígbà tí ẹ̀yà àtijọ́ lọ, ó kó aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yà tuntun ń lo Unicode, nínú èyí tí ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn tí gbogbo ẹ̀rọ ní ayé mọ̀: 1EB9, 1ECD àti 1E63. Ní ilé-ìwé, nígbà tí mo dán fláàṣì wò, àwọn ìwé náà ṣí dáadáa nítorí pé fọ́ǹtì àtijọ́ wà lórí ẹ̀rọ ibẹ̀. Mo padà lọ síbẹ̀, mo da fọ́ǹtì náà kọ, mo gbé e sí ẹ̀rọ mi, òwe ìyá mi sì tún di ohun tí ojú lè kà.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ títí ayé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí yí àmì kọ̀ọ̀kan padà sí lẹ́tà tí ó ni ín, ojú ewé kan lẹ́yìn èkejì. N kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé mo ti lo [ fún iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ní àwọn ibì kan, ẹ̀rọ kò sì mọ ìyàtọ̀. Àmì ohùn náà tún ní ìṣòro tirẹ̀: ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ẹ ni a kọ́kọ́ ń kọ, kí a tó gbé àmì òkè, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0301, lé e lórí. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin atúnkọ̀ǹpútàṣe náà padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó bi mí ohun tí 1714 túmọ̀ sí, mo sọ fún un, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Mo ti dé òwe 480 nísinsìnyí.